Ó Tọ́ Kí Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ilé-Iṣẹ́ Ní Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ Tiwọn

Ní nǹkan bí agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn akọ̀wé bá ń jáde kúrò ní àwọn ilé ìfowópamọ́ tí ó wà ní òpópónà Ahmadu Bello ní ìlú Kàdúná, tí àwọn onítajà náà sì ń fi àgádágodo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wọn, àwọn ọkùnrin kan a máa wọlé bí àwọn yòókù ti ń jáde. Aṣọ iṣẹ́ wà lọ́rùn wọn, kóńdó wà lọ́wọ́ wọn, tọ́ọ̀ṣì wà nínú àpò wọn. Abọ́ oúnjẹ tí aya wọn dì fún wọn sì wà nínú ọ̀rá. Ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n. Ibi tí wọ́n dúró sí ní ìrọ̀lẹ́ yìí ni ilẹ̀ yóò mọ́ bá wọn, ìbáà ṣe nínú ọyẹ́ tí ń gé ènìyàn létí ní oṣù Kìíní, ìbáà ṣe nínú òjò oṣù Kẹjọ. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fi èdè Yorùbá kí wọn pé, "Ẹ kú ìṣọ́ o," kì í pẹ́ tí yóò fi gbọ́ ohùn ará Ọ̀fà, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí ará Kàbà tí yóò dáhùn láti ẹnu ọ̀nà kan pé, "Ẹ ṣé o, ẹ̀gbọ́n. A dúpẹ́."

Èyí lè ya ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé lẹ́nu. Ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó, mégádì ni orúkọ tí àwọn ènìyàn ń pe ẹni tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ọ̀rọ̀ Haúsá sì ni mégádì. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ fi gbà pé àwọn ará òkè Ọya nìkan ni a dá iṣẹ́ náà fún. Ọ̀rọ̀ náà dà bí ti Sábó. Sábó tí ó wà ní Ìbàdàn ni àdúgbò àwọn àlejò tí wọ́n ti òkè Ọya wá. Sábọ́n Gàrí tí ó wà ní Kánò ni àdúgbò àwọn àlejò tí wọ́n ti gúúsù wá. Ọ̀rọ̀ kan náà sì ni méjèèjì, ìlú titun ni ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti kúrò nílé bàbá rẹ̀, ẹnu ọ̀nà onílé ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ rí iṣẹ́ sí. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ọmọ Kánò tí ó lọ sí Èkó, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún ọmọ Ọ̀fà tí ó wá sí Kàdúná, Jọ́ọ̀sì, Mínnà tàbí Àbújá pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí rẹ̀ nínú àpò, tí ó ń retí iṣẹ́ akọ̀wé, tí ó sì bá ara rẹ̀ nínú aṣọ ẹ̀ṣọ́ kí ọdún náà tó yí po.

Orúkọ iṣẹ́ náà ní èdè Yorùbá kì í tilẹ̀ ṣe orúkọ yẹpẹrẹ. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, 70 ni àwọn Ẹ̀ṣọ́, mẹ́wàá-mẹ́wàá ni wọ́n sì wà lábẹ́ olúkúlùkù àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì méje. Jagunjagun ọlọ́lá ni wọ́n. Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ni olórí wọn. Bí orúkọ tí ó ga tó bẹ́ẹ̀ ti ṣe bọ́ sí orí òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kéré jù lọ nínú ọgbà ilé-iṣẹ́, àwọn òpìtàn ni kí ó ròyìn rẹ̀. Ohun tí ó kan ọjọ́ òní ni bí ọkùnrin náà yóò ti ṣe jẹun, tí yóò sì ṣe rán ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé.

Wákàtí méjìlá ni iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ kan lójúmọ́ ní ibi tí ó pọ̀ jù lọ, láti agogo mẹ́fà dé agogo mẹ́fà. Bí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ bá fún un ní ọjọ́ kan péré láti sinmi ní ọ̀sẹ̀, wákàtí 72 ni ó ń ṣe, nígbà tí akọ̀wé ìjọba ń ṣe 40. Bí ẹnìkejì rẹ̀ tí ó yẹ kí ó wá gbà á sílẹ̀ kò bá wá, kò gbọdọ̀ fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀. Yóò tún wọ wákàtí méjìlá mìíràn, ẹnikẹ́ni kò sì ní san owó iṣẹ́ àṣekún fún un. Kí a wá ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ wákàtí méjìlá fún ọjọ́ 26 ní oṣù kan ti ṣe wákàtí 312. Òfin tí Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù Keje ọdún 2024 sọ owó oṣù tí ó kéré jù lọ di N70,000. Bí wọ́n bá tilẹ̀ san gbogbo rẹ̀ fún ẹ̀ṣọ́ láìyọ kọ́bọ̀, N224 ni wákàtí kan. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀ṣọ́ ni owó tí ń dé ọwọ́ rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kò bá tíì kúrò lórí N30,000 tí ó jẹ́ ti òfin ọdún 2019, owó wákàtí kan rẹ̀ kò pé N100. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Síbẹ̀ ọkùnrin yìí ni àwọn ènìyàn fi owó, ọjà, ọkọ̀ àti ẹ̀mí wọn sí ìkáwọ́ rẹ̀ lóru.

Owó kékeré náà kì í sì í wá láìlábùkù. A ó yọ owó aṣọ iṣẹ́ nínú rẹ̀. A ó yọ owó bàtà. Bí ọ̀gá tí ń yí ká lóru bá bá a níbi tí ó ti ń tòògbé ní agogo mẹ́ta òru, ní ọjọ́ kejì tí ó ti ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ pẹ̀lú ti ẹnìkejì, owó ìtanràn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta ti lọ. Bí wọ́n bá jí bátìrì ọkọ̀ kan gbé nínú ọgbà, wọn yóò pín owó rẹ̀ sí orí àwọn tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ yìí, tí ó ti wà láti ọdún 1974, kò fi àyè gba èyí. Ó ní agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ yọ owó òṣìṣẹ́ nítorí ohun tí ó sọnù tàbí tí ó bàjẹ́ àfi bí ó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ náà fi ojú di iṣẹ́ tàbí ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, tí aláṣẹ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ sì ti kọ ìwé ìyọ̀ǹda. Ó sì ní gbogbo ohun tí a bá yọ lóṣù kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ. Òfin kan náà ni ó ní kí òṣìṣẹ́ ní ìsinmi ọjọ́ kan gbáko nínú ọjọ́ méje, kí ó sì ní ìsinmi ọdọọdún tí a ó sanwó rẹ̀, ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà. Mélòó ni ẹ̀ṣọ́ tí ó ti fojú rí ìsinmi ọdọọdún tí wọ́n sanwó rẹ̀?

Ṣùgbọ́n lórí iye wákàtí tí ó yẹ kí ènìyàn ṣiṣẹ́ lójúmọ́, òfin náà kò dá iye kan. Ohun tí ó sọ ni pé àdéhùn ni yóò pinnu rẹ̀: àdéhùn láàárín agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́, tàbí ìdúnàádúrà láàárín agbanisíṣẹ́ àti ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́, tàbí ìgbìmọ̀ tí a bá gbé kalẹ̀ lórí owó iṣẹ́. Níbí ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà so kọ́. Àwọn tí wọ́n kọ òfin náà gbà pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yóò wà níbẹ̀ láti dúnàádúrà. Níbi tí kò bá sí ẹgbẹ́, àdéhùn wo ni ó kù? Ìwé kan ṣoṣo ni, ilé-iṣẹ́ ni ó kọ ọ́, ọkùnrin tí ó ti ń wá iṣẹ́ láti ọdún méjì sẹ́yìn ni ó sì fọwọ́ sí i lórí ìdúró, láìkà á. Wákàtí méjìlá tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ń ráhùn sí, àwọn fúnra wọn ni ìwé fi hàn pé wọ́n gbà á.

Ìṣòro kejì ni pé ẹ̀ṣọ́ kò mọ ẹni tí ó gbà á síṣẹ́ ní tòótọ́. Ilé-iṣẹ́ tí ń pèsè ẹ̀ṣọ́ ni orúkọ rẹ̀ wà lára aṣọ rẹ̀. Ilé ìfowópamọ́, ilé-ìwé tàbí ilé-iṣẹ́ ńlá ni ó ń ṣọ́. Bí ó bá bèèrè owó lọ́wọ́ ẹni tí ó ń ṣọ́ ilé rẹ̀, wọn yóò ní kí ó lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Bí ó bá lọ bá ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá yóò ní àwọn oníbàárà kò tíì sanwó. Iye tí oníbàárà ń san lórí ẹ̀ṣọ́ kan sì jẹ́ àṣírí tí ẹ̀ṣọ́ náà kò gbọdọ̀ mọ̀, bí ẹni pé kì í ṣe ara rẹ̀ ni wọ́n ń tà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ẹ̀ṣọ́ kan ṣoṣo kò lè wo ìwé àdéhùn náà láé, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ó bá jókòó níwájú ilé-iṣẹ́ lè ní kí wọ́n gbé e jáde.

Àwọn ọmọ Yorùbá tí ó wà ní òkè Ọya kò ṣe aláìní ẹgbẹ́. Kò sí ìlú ńlá kan tí ẹgbẹ́ ọmọ Ọ̀fà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Ìjẹ̀bú tàbí ọmọ Èkìtì kò sí, tí wọn kò ní alága, akọ̀wé àti akápò. Àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí ti ṣe gudugudu méje. Wọ́n ń sìnkú, wọ́n ń sọmọ lórúkọ, wọ́n ń yá ènìyàn lówó, wọ́n sì ń gba ẹni tí ó bá bọ́ sọ́wọ́ ọlọ́pàá sílẹ̀. Bí àwọn olè bá pa ẹ̀ṣọ́ kan lóru, ẹgbẹ́ ìlú rẹ̀ ni yóò dáwó posí, tí yóò wá ọkọ̀ tí yóò gbé òkú rẹ̀ lọ sílé. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni agbára wọn pin sí. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kò lè pe ilé-iṣẹ́ kan lẹ́jọ́ pé ó jẹ òṣìṣẹ́ lówó, kò sì lè jókòó dúnàádúrà nítorí ọmọ Tífì tàbí ọmọ Ìdómà tí ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ọmọ Ọ̀fà.

Ohun tí ó sì ṣe ni láàánú jù ni pé owó tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ń dá náà, òfin ti yàn án fún ẹlòmíràn láti san. Òfin gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́, ti ọdún 2010, ní kí gbogbo agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú 100 àpapọ̀ owó oṣù òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò kan tí àjọ NSITF ń bójú tó. Bí òṣìṣẹ́ bá kú lẹ́nu iṣẹ́, tí ó fi opó àti ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, ìdá 90 nínú 100 owó oṣù rẹ̀ ni kí wọ́n máa rí gbà lóṣooṣù. Opó ẹ̀ṣọ́ tí àwọn ará ìlú ọkọ rẹ̀ kó owó lé lọ́wọ́, tí wọ́n sì wá ọkọ̀ fún un padà sílé, kì í sábà gbọ́ pé irú òfin bẹ́ẹ̀ wà. Ta ni yóò sọ fún un? Ilé-iṣẹ́ tí kò san ìdá kan náà kò ní sọ. Akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni ó yẹ kí ó mú un lọ́wọ́ lọ sí ọ́fíìsì náà.

Àwọn kan ń wí pé ẹ̀ṣọ́ dà bí ológun, àti pé kò yẹ kí ẹni tí a fi ààbò sí lọ́wọ́ máa ṣe ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí púpọ̀. Òfin Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ka àwọn tí kò gbọdọ̀ ṣe ẹgbẹ́: àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀, ti ojú omi àti ti òfurufú, àwọn ọlọ́pàá, àwọn aṣọ́bodè, àwọn òṣìṣẹ́ ìwọlé-wọ̀lú, àwọn wọ́dà, àwọn òṣìṣẹ́ Báǹkì Àpapọ̀ àti ti ilé-iṣẹ́ tí ń tẹ owó, pẹ̀lú àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba mìíràn tí a gba òṣìṣẹ́ wọn láyè láti gbé ìbọn. Ẹ̀ṣọ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni kò sí nínú wọn. Òfin ọdún 1986 tí ó dá àwọn ilé-iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ aládàáni sílẹ̀ lábẹ́ àṣẹ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé kò tilẹ̀ gbà kí wọ́n ní ìbọn lọ́wọ́ rárá. Kóńdó ni a fún ọkùnrin náà, fèrè ni a fún un, owó tí kò tó nǹkan ni a fún un. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ wá délẹ̀, wọ́n ní ológun ni. Ìwé Òfin Ìpilẹ̀ ọdún 1999 ní ìsọ̀rí 40 sì fún gbogbo ènìyàn láyè láti wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí yóò dáàbò bo ohun tí í ṣe tirẹ̀.

Òfin Iṣẹ́ tún sọ pé kò sí àdéhùn iṣẹ́ tí ó gbọdọ̀ ní i nínú pé òṣìṣẹ́ kò ní wọ ẹgbẹ́, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ lé ẹnikẹ́ni nítorí pé ó wọ̀ ọ́. Ní ìdà kejì, àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí Òfin Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ ní ọdún 2005 ní kí a má ṣe fi ipá mú ẹnikẹ́ni wọ ẹgbẹ́. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá sì mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti ka ẹgbẹ́ tí ìjọba ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ sí ti jẹ̀bi. N1,000 ni owó ìtanràn rẹ̀. Owó yìí jẹ́ owó gidi nígbà tí wọ́n kọ òfin náà. Lónìí, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ lè san án láti inú àpò ẹ̀wù rẹ̀ láìwo ẹ̀yìn, ó sì yẹ kí àwọn aṣòfin ní Àbújá tún un wò.

Nígbà tí ìjọba amúnisìn kọ́kọ́ ṣe òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ọdún 1938, ènìyàn márùn-ún péré ti tó láti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, ẹgbẹ́ kéékèèké sì pọ̀ bí eéran. Lóde òní, 50 ni òfin bèèrè fún. Ohun mìíràn tún wà tí ó yẹ kí àwọn ẹ̀ṣọ́ mọ̀ kí wọ́n má baà fi owó ṣòfò: òfin kò gbà kí a fi orúkọ ẹgbẹ́ titun sílẹ̀ níbi tí ẹgbẹ́ kan bá ti wà fún irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, mínísítà sì gbọdọ̀ fọwọ́ sí i kí a tó dá titun sílẹ̀. Nítorí náà, ọ̀nà méjì ni ó wà. Wọ́n lè bèèrè pé kí ẹgbẹ́ ńlá kan tí ó ti wà gbà wọ́n wọlé, kí ó sì dá ẹ̀ka sílẹ̀ fún wọn. Tàbí kí wọ́n kó orúkọ jọ, kí wọ́n kọ ìwé ìlànà ẹgbẹ́, kí wọ́n sì tọ Akọ̀wé Ìforúkọsílẹ̀ Ẹgbẹ́ Òṣìṣẹ́ lọ. Ti àkọ́kọ́ yá ju ti èkejì lọ. Ẹni tí ó bá wọ ilé tí a ti kọ́ kò ní bẹ̀rẹ̀ sí í wá amọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kì í ṣe ohun àjèjì fún àwọn tí baba wọn bá ọkọ̀ ojú irin wá sí òkè Ọya. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1945, nígbà tí ogun Hitler ti sọ gbogbo ọjà di ọ̀wọ́n tí owó iṣẹ́ kò sì kúrò níbi tí ó wà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti ti ọkọ̀ ojú irin dá iṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tí ó ju oṣù kan lọ. Michael Imoudu, ọmọ Ọ̀rà ní apá ibi tí í ṣe ìpínlẹ̀ Ẹdó lóde òní, tí ìjọba ti lé lọ sí ìgbèkùn tẹ́lẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Wọ́n ní kí a fi ìdajì kún owó ọ̀wọ́n-ọjà tí wọ́n ń gbà. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Tudor Davies jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, ó dá wọn láre, wọ́n sì rí ìdajì náà gbà ní ọdún 1946. Àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin tí wọ́n wà ní Sáríà, Kàdúná àti Káfáǹsán nígbà náà kò bèèrè lọ́wọ́ ara wọn pé ọmọ ìlú wo ni Imoudu.

Nígbà tí wọ́n sì kó gbogbo ẹgbẹ́ jọ sábẹ́ NLC ní ọdún 1978, Hassan Sunmonu ni wọ́n fi ṣe ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ọmọ Òṣogbo ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Gánà ni wọ́n bí i sí, níbi tí àwọn òbí rẹ̀ ti wà lẹ́yìn odi. Ọmọ àwọn àlejò ni ó ṣíwájú àwọn òṣìṣẹ́ Nàìjíríà ní ọdún 1981, tí wọ́n dá iṣẹ́ sílẹ̀ tí owó oṣù tí ó kéré jù lọ fi di N125. Ẹni tí ó ń gbé ní ìlú onílùú, tí ó ń bẹ̀rù pé bí òun bá la ẹnu wọn yóò ní kí òun padà sí ìlú òun, kí ó ro ti Sunmonu yìí.

Bí ó ti wù kí ó rí, ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ ní ewu tirẹ̀, kò sì dára kí a fi í pamọ́. Ní ọdún 2006, àwọn ẹ̀ṣọ́ ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà dá iṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù Kẹta, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù mẹ́ta. Àwọn ẹgbẹ́ kan ti fọwọ́ sí àdéhùn owó titun; ẹgbẹ́ SATAWU ní òun kò gbà. Ohun tí wọ́n ń jà fún tọ́: owó wọn kò tó, iṣẹ́ wọn sì léwu. Ṣùgbọ́n ìjà náà bọ́ lọ́wọ́ àwọn olórí. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n kọ̀ láti dá iṣẹ́ sílẹ̀ ni a ń lù, a ń ti àwọn mìíràn jáde láti inú ọkọ̀ ojú irin tí ń sáré lọ. Àwọn tí ó kú ju 50 lọ. Ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún, ìwọ́de wọn ní Cape Town di ìlú-ò-gbọlọ́jà, wọ́n fọ́ ọkọ̀, wọ́n fọ́ ìsọ̀. Àwọn tí dúkìá wọn bàjẹ́ pe ẹgbẹ́ náà lẹ́jọ́, ní ọdún 2012 sì ni ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ lórí Òfin Ìpilẹ̀ ní ilẹ̀ náà sọ pé òfin tí ó ní kí ẹgbẹ́ tí ó pe ìwọ́de dáhùn fún ohun tí ó bàjẹ́ níbẹ̀ kò lòdì sí ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀ṣọ́ tí ó ju ẹ̀ṣọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ kò bá agbanisíṣẹ́ kankan jà.

Síbẹ̀, ilẹ̀ kan náà ni ó tún kọ́ni ní ohun tí ó dára jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nítorí pé àwọn ẹ̀ṣọ́ níbẹ̀ ní ẹgbẹ́, ìjọba dá owó kan fún gbogbo iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́, gẹ́gẹ́ bí ìpele òṣìṣẹ́ àti bí agbègbè rẹ̀ ti rí; nígbà tí ó sì yá, ìgbìmọ̀ kan tí àwọn agbanisíṣẹ́ àti àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ jọ jókòó sí ni ó gba iṣẹ́ náà. Gbogbo ilé-iṣẹ́ ni iye náà dè. Èyí ni ìdáhùn sí àwọn ọ̀gá tí ń sọ ní Nàìjíríà pé bí àwọn bá fi owó kún owó ẹ̀ṣọ́, oníbàárà yóò lọ bá ilé-iṣẹ́ mìíràn tí owó tirẹ̀ dínkù. Wọn kò purọ́. Ilé-iṣẹ́ kan tí ó bá dá nìkan san owó tí ó tọ́, ọjà yóò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá gbọdọ̀ san iye kan náà, ta ni oníbàárà yóò sá lọ bá? Ọ̀gá tí ó bá ní làákàyè ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gba ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ láyè, nítorí òun ni yóò gbà á lọ́wọ́ àwọn ajẹgàba tí ń fi ebi òṣìṣẹ́ wọn gba iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò ní dùn mọ́ àwọn kan nínú. Kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ nìkan ni ọmọ Yorùbá ń jẹ́ ní òkè Ọya. Wọ́n ní ilé, wọ́n ní ìsọ̀ aṣọ, wọ́n ní ilé-ìwé aládàáni, wọ́n ní ilé ìtura. Àwọn náà ń gba mégádì. Òfin owó oṣù ọdún 2019 yọ ibi tí òṣìṣẹ́ kò tó 25 sílẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò mú onílé kan lọ sí ilé ẹjọ́ nítorí mégádì rẹ̀ kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí ń ké ní ìpàdé pé wọ́n ń rẹ́ àwọn ọmọ òun jẹ ní ẹnu ọ̀nà ilé ìfowópamọ́, tí mégádì tirẹ̀ ń sùn nínú yàrá tí kò ní fèrèsé, tí ó ń fọ ọkọ̀, tí ó ń ra epo fún ẹ̀rọ iná, tí ó sì ń gba owó oṣù ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù tí ó tẹ̀lé e, kí ni ó ń wí? Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Àwọn ẹgbẹ́ onílé ní àwọn àdúgbò titun, tí wọ́n ń dáwó gba ẹ̀ṣọ́ fún òpópónà wọn, lè fi ìlà kan péré kún ìwé àdéhùn wọn pẹ̀lú ilé-iṣẹ́: iye tí ó gbọdọ̀ dé ọwọ́ ẹ̀ṣọ́ lóṣù, àti ọjọ́ tí ó gbọdọ̀ dé e lọ́wọ́.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ fúnra wọn ń bẹ̀rù ohun méjì. Wọ́n ń bẹ̀rù pé wọn yóò lé àwọn tí ó kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé, nítorí àwọn tí ń wá iṣẹ́ kún ìgboro; ìbẹ̀rù yìí tọ́, ìdí sì nìyí tí kò fi yẹ kí ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin máa dá kọ́kọ́ yọjú, àfi kí orúkọ pé kí ìwé tó jáde, kí ọ̀rọ̀ náà sì jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí wọ́n bá sì lé nítorí ẹgbẹ́ lè tọ Ilé Ẹjọ́ Òṣìṣẹ́ lọ, èyí tí ó ní ẹ̀ka ní Kánò, ní Jọ́ọ̀sì àti ní Àbújá. Ohun kejì tí wọ́n ń bẹ̀rù ni pé àwọn olórí yóò jẹ owó ẹgbẹ́. Ta ni ó lè bá wọn jiyàn? Àwọn olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan ti fi owó ẹgbẹ́ ra ọkọ̀, ilé àti oyè. Òfin ní kí ẹgbẹ́ máa fi ìṣirò owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí Akọ̀wé Ìforúkọsílẹ̀ lọ́dọọdún. Kí àwọn ẹ̀ṣọ́ má dúró de Àbújá, kí wọ́n ní kí akápò ka iye owó náà sí etí gbogbo ènìyàn ní òpin oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹni tí ń kọ orúkọ gbogbo ọkọ̀ tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde sínú ìwé ní gbogbo òru kò yẹ kí ó ṣòro fún láti ṣọ́ akápò kan.

Ó ku ibi tí wọn yóò ti máa pàdé. Ìdajì àwọn ẹ̀ṣọ́ ni yóò wà lẹ́nu iṣẹ́ ní wákàtíkáwàtí tí a bá pe ìpàdé, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì ni kí wọ́n máa pè é ní ọjọ́ kan náà: ní agogo méje òwúrọ̀ fún àwọn tí ó ṣíwọ́ iṣẹ́ òru, àti ní agogo méje alẹ́ fún àwọn tí ó ṣíwọ́ iṣẹ́ ọ̀sán. Kí ó má ṣe jẹ́ gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kankan, kí ó má ṣe jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí, bí ó ti wù kí onílé náà láájò tó, nítorí bí ọmọ Ọ̀fà ti ń wọlé ni kí Haúsá, Tífì, Ìgbò àti Núpé náà lè wọlé láìṣiyèméjì. NLC ní ọ́fíìsì ní olú-ìlú ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè àyè níbẹ̀, kí èdè Haúsá sì jẹ́ èdè ìpàdé ní Kàdúná àti ní Kánò, nítorí òun ni gbogbo wọn jọ gbọ́.